Ọjọ́ Ìdìbò Tí Obìnrin Kò Jáde

"Ta nìyẹn?"

"Ta ni ẹ rò pé ó lè kan ilẹ̀kùn yín lónìí?"

"Ṣé awo ti wọlé ni?"

"Ṣé ẹ kò gbọ́ ìwo rẹ̀ ni?"

"Kí lo wá ń kanlẹ̀kùn mi fún, Yarkpawolo?"

Yarkpawolo ni ọ̀gá ìdìbò ní ìlú wa ní agbègbè Lofa. Ìyá Garmai, olórí awo obìnrin, ló ń dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Láti òwúrọ̀ ni ìwo awo ọkùnrin ti ń dún nínú igbó, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kan awo náà. Nínú ọ̀ọ́dúnrún obìnrin tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, kò tíì sí ẹyọ kan tó dìbò. Aago mẹ́rin ti lù. Aago mẹ́fà ni ìdìbò yóò parí.

"Ìyá, mo fẹ́ kí ẹ dìbò ni."

"Lọ bi Galakpai pé ta ló ní kí awo jáde. Bí kò bá fèsì, àwa náà á gbé tiwa jáde."

Yarkpawolo sáré lọ bá Galakpai. Awo méjèèjì kì í jáde lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, ìlú bàjẹ́ nìyẹn.

Bàbá Galakpai, àgbà awo ọkùnrin, wà ní gbọ̀ngàn ìlú. Kọ́mándà Zubah, ẹni tó dáná sun ilé wa nígbà ogun, tó wá ń du ipò báyìí, jókòó tì í, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mú àdá lọ́wọ́. Zubah mọ̀ pé kò sí obìnrin kankan tí yóò dìbò fún òun.

"Bàbá, ta ló ní kí awo jáde?"

"Ṣé a ò mú ọ wọ igbó awo ni?"

"Ẹ mú mi wọ̀ ọ́, Bàbá."

"Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kí o máa bi àgbà nírú èyí?"

Zubah rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá àpótí, lọ jókòó ti àpótí rẹ. Àbí ìwọ náà fẹ́ bá àwọn obìnrin sé ara rẹ mọ́lé ni?"

"Bàbá, Ìyá Garmai ní àwọn á gbé tiwọn jáde."

"Wọn ò tó bẹ́ẹ̀!" ni Zubah wí.

Orin awo obìnrin bẹ̀rẹ̀ nínú ilé kan. Ilé kejì gbè é, ilé kẹta gbè é. Àwọn ọkùnrin tó tò láti dìbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀kùn tí wọn yóò sá wọ̀, nítorí ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ fojú kan awo obìnrin. Zubah gbọ́wọ́ lé èjìká Bàbá.

"Ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ, àbí ẹ ní?"

Yarkpawolo wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Bàbá mú. "Mo di ẹsẹ̀ yín mú. Ta ló ní kó jáde?"

Bàbá dìde, ọwọ́ Zubah sì já bọ́.

"Kò sẹ́ni tó ní kó jáde. Awo kò kúrò nílé rẹ̀ lónìí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin yìí ló ń fun ìwo. Lọ sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n wá dìbò."