Ẹ̀rọ Tó Ń Sàba ní Fìdítì

Lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn ará Fìdítì ń dúró sẹ́bàá títì láti wòran àwọn awakọ̀ tó gbàgbé, ni àrùn lùkúlùkú wọ agboolé wa. Kò fi adìyẹ kan sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Adìyẹ abólọ́rùn ni tiwọn, àwọn tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, ìran èyí tí wọ́n gbé wá láti Akinmorin nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé ọkọ. Igbá ẹyin kan péré, tí wọ́n yé kí àrùn tó dé, ló kù nínú ìran náà.

“Ìyá, ẹ má sunkún mọ́,” ni mo wí. “Màá bá yín sọ ẹyin wọ̀nyí di ọmọ.”

“Ìyàwó mi, adìyẹ wo ló máa jókòó lé wọn?”

Èmi Folúkẹ́, ẹnu mi máa ń yá ju ẹsẹ̀ mi lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ kan nítòsí Ìlorà kí n tó lọ́kọ, ọ̀gá mi níbẹ̀ sì ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ń fi àtùpà sàba. Ó ti pa á tì. Olúdáre, ọkọ mi, lọ tọrọ rẹ̀, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó ń làágùn bọ̀.

Àpótí pákó ni. Àtùpà kẹrosíìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru àtùpà náà sì ń gba inú páìpù wọlé sọ́dọ̀ ẹyin. Ṣùgbọ́n tẹmosítáàtì rẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ ooru, ló ń múnú mi dùn jù! Idẹ pẹlẹbẹ kan ni, ó tó ọmọrí agolo mílíìkì, wọ́n rọ oje kan sínú rẹ̀, wọ́n dí i pa, wọ́n sì fi í kọ́ sókè ẹyin. Bí ooru bá pọ̀ jù, oje yẹn á mú kí idẹ wú, idẹ á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, irin á gbé apá kan, apá á ṣí ọmọrí orí páìpù, ooru á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí inú àpótí bá tutù díẹ̀, idẹ á súnkì, ọmọrí á padé, ooru á tún wọlé. Kò sẹ́ni tó ń rán an níṣẹ́. Ó mọ̀ fúnra rẹ̀!

Mo gbé e sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀, mo jẹ́ kó jìnnà sí fèrèsé kí atẹ́gùn má baà tan idẹ náà jẹ. Mo gbé abọ́ omi lé e lórí láti mọ̀ bóyá ó dúró déédéé. Lẹ́yìn náà ni mo tanná sí i láìfi ẹyin kankan sínú. Bí òṣùwọ̀n ooru tó wà nínú àpótí bá kọjá ilà pupa, mo máa yí síkúrù tó wà lórí apá náà díẹ̀ kí ọmọrí lè tètè ṣí. Bí kò bá dé ibẹ̀, mo máa yí i padà. Nígbà tó fara balẹ̀ sórí ilà náà tí kò kúrò mọ́, mo jó nínú yàrá yẹn láìsí ìlù. Ìgbà náà ni mo tó kó ẹyin sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì ń lọ sópin nígbà tí mo lọ ra kẹrosíìnì lọ́jà. Mo padà dé, mo yọjú wo òṣùwọ̀n. Ó ti kọjá ilà pupa lọ jìnnà!

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àtùpà: iná rẹ̀ kò tóbi ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo wo idẹ: ó wú bó ṣe yẹ. Mo wo irin: ó ń ti apá náà sókè, apá ọ̀hún sì ti tẹ̀. Kí ló wá ń dí i lọ́wọ́? Mo nawọ́ sẹ́yìn àpótí, níbi tó ṣókùnkùn, mo fọwọ́ kan ọmọrí. Ọmọ ọlọ ló jókòó lé e!

“Ta ló gbé òkúta sórí ẹ̀rọ mi?”

“Èmi ni,” ni Ìyá wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọrí yẹn ò sinmi. Ó ń ṣí, ó ń padé, bíi pé ẹnìkan ń yọjú wo ẹyin mi. Nílé wa, tí adìyẹ bá sàba, agbọ̀n là ń dé mọ́ ọn, a ó sì gbé òkúta lé agbọ̀n, kí ajá má baà rọ́nà.”

Inú bí mi. Ká ní ẹgbẹ́ mi ni! Ṣùgbọ́n a kì í jágbe mọ́ ìyá ọkọ ẹni. Mo gbé òkúta náà jáde sẹ́yìnkùlé, mo sì bú u títí ó fi gbọ́.

Mo ṣí ilẹ̀kùn àpótí kí ooru lè jáde, mo rọra na apá tó tẹ̀, mo tún síkúrù yí, mo sì dúró tì í títí ọmọrí fi gbéra fúnra rẹ̀. Ìyá ti gbọ́ ohun tí òkúta náà fà nínú èébú mi. Wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì.

“Mo ti fọwọ́ ara mi sè wọ́n,” ni wọ́n wí.

Mo ti fèrèsé, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹyin kìíní síwájú iná. Ó dúdú, kò mira. Ìkejì náà dákẹ́. Mo mú òmíràn: iṣan pupa yí i ká, òjìji kékeré kan sì wà láàárín, ó ta pọ́ún.

“Ó mira! Ìyá, ó mira!”

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bojú, wọ́n sì ń yọjú láàárín ìka.

Kì í ṣe gbogbo ẹyin ló yè. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹta pé, èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọmọ adìyẹ ọlọ́rùn bíbó ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pariwo títí aládùúgbò fi sáré wọlé. Ìṣòro wá dé nígbà tí mo kó àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Wọ́n ń ké, wọ́n ń sá kiri. Mo da ọkà bàbà lílọ̀ síwájú wọn, wọn ò wò ó. Ẹ̀rọ mi lè fún wọn ní ooru, kò lè pè wọ́n.

Ìyá bá wọlé. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n tẹ́ etí ìró wọn sílẹ̀, wọ́n fi ìka ta ilẹ̀, wọ́n sì ń ké láti inú ọ̀fun wọn: “Kọ̀, kọ̀, kọ̀.” Gbogbo ọmọ adìyẹ yíjú. Wọ́n sáré tọ Ìyá lọ, wọ́n kó sábẹ́ ìró náà, yàrá sì pa lọ́lọ́.

Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́.

“Rọra, ìyàwó mi,” ni Ìyá wí, omijé ń bọ́ lójú wọn. “Mo ń sàba.”