Ọ̀wẹ̀ Àna Lórí Àpáta

Bí Sànní ti ń di ẹrù ni Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ń tú u. Ó di ẹní àti ìrọ̀rí pọ̀, ó kọjú sí àpótí aṣọ. Kí ó tó yíjú padà, okùn ti tú, ìyàwó rẹ̀ sì ti jókòó sórí ẹní.

"Ìyá Nùsírátù, dìde lórí ẹrù."

"Ẹrù kọ́, ẹní ni. Wọ́n sì máa ń jókòó lórí ẹní."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sànní, ó gbé e mì. Lọ́rì tí yóò kó wọn lọ sí abúlé Sùnmọ́nù àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn Oǹdó, ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó ti pinnu kì í rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹrin òmìnira nìyẹn, òfin sì ń rọ̀ sórí àwọn ará Ẹ̀fọ̀n bí òjò. Sànní san owó orí, kò sá wọgbó rí. Ó san ti kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ títì ló ń ti kẹ̀kẹ́ náà gun òkè ju bí ó ti ń gùn ún lọ. Wọ́n ní ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ̀ nígboro mọ́, ó so tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo èyí kò bà á nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n wolé-wolé dé, ó yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, ó ní ilé tí kò bá ní ṣálángá títí oṣù yóò fi parí, onílé náà yóò dé kóòtù. Sànní gbé ọkọ́. Kòtò kò tíì mu ún dé orúnkún tí ọkọ́ fi ró gbàn-ìn lórí àpáta. Ó sún sí ìdí ọsàn, àpáta. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àpáta náà ni.

Láti ìgbà náà ni kò ti ní orin mìíràn ju pé wolé-wolé kì í dé abúlé Sùnmọ́nù. Sìkírátù a dá a lóhùn pé ọjà náà kì í débẹ̀, ọkọ Nùsírátù náà kò sì ní débẹ̀. Ìdírísù ará Ìkòrò ló ń fẹ́ ọmọbìnrin wọn yìí. Sànní sì ti búra pé bí òun bá lọ, Nùsírátù ń bá òun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá a dé igbó.

Ó ń so okùn náà padà nígbà tí orin ta sí wọn létí láti ojú títì. Sìkírátù kọ́kọ́ yọjú, ó sì pàtẹ́wọ́.

Ìdírísù ni, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tọkọ́-tàdá. Sànní fọwọ́ bo ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọjọ́ fún ọmọ náà kí wolé-wolé tó dé, pé kó wá kọ ebè iṣu fún òun, bí ọkọ ìyàwó ti ń ṣe fún àna. Ó ti gbàgbé pátápátá.

Ìdírísù dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Bàbá máa dárí wọn sí oko. Sànní wo ẹrù nílẹ̀. Ẹni tó bá dá ọ̀wẹ̀ àna padà, àna gan-an ló dá padà. Ṣùgbọ́n ebè tí wọ́n bá kọ lónìí, ta ni yóò wa iṣu ibẹ̀?

"Ọmọ mi," ni ó wí, "mo ń lọ. Kì í ṣe owó orí ló ń lé mi. Èyí tí gbogbo ìlú bá jọ rù, mo lè rù ú. Àpáta ẹ̀yìnkùlé yìí, èmi nìkan ni mo ń bá a jà."

Nùsírátù ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ebè ni o, kòtò ni o, ṣebí ilẹ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gbẹ́."

Olúdayọ̀, ọmọ olùkọ́ ìjọ kan ní Ìkòrò tí kì í jìnnà sí Ìdírísù, ló fa imú.

"Ìdírísù, o ní ká wá bá ọ fẹ́ ìyàwó. O ò sọ pé ilé ìgbẹ́ la ó kọ́kọ́ fẹ́."

Ẹ̀rín bú. Wọ́n ní Ìkòrò kò ní jẹ́ kí àwọn gbádùn mọ́, ọmọdé yóò máa fi kọrin. Ìdírísù bọ́ bùbá.

"Ẹni tí ojú bá ń tì, kó lọ ṣẹ́gi. Ẹni tí ojú ò bá tì, kó tẹ̀lé mi."

Iná ni àwọn àgbà fi ń fọ́ àpáta. Sànní mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n igi àti omi tí iṣẹ́ náà ń jẹ ju agbára ẹnì kan lọ. Lónìí, ọwọ́ pọ̀. Wọ́n to igi jọ, wọ́n dáná, òkúta gbóná janjan. Àwọn obìnrin àdúgbò pọnmi gun òkè wá, wọ́n dà á lé e, àpáta sì sán pàà. Ariwo ayọ̀ sọ. Wọ́n tún dáná, wọ́n tún da omi. Sìkírátù kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ó fa ìkòkò yọ nínú ẹrù, ó fa iṣu yọ, ó gbé odó kúrò lórí àpótí. Àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun.

Sànní jókòó sórí ẹrù tó kù, ó ká apá mọ́ra. Nígbà tí wọ́n di dígà, ọ̀pá irin tí wọ́n yá ládùúgbò, mú bí ẹní di ọmọrogùn, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó já a gbà lọ́wọ́ Olúdayọ̀, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣòfò yìí ti tó. Ó lu àpáta lójú ibi tó ti sán. Dígà wọlé gììrì. Ilẹ̀ pupa rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Àpáta tó ti ń dá a lóró kò nípọn ju ẹsẹ̀ odó lọ.

Lọ́rì kò dé lọ́sàn-án bí awakọ̀ ti ṣèlérí. Ìrọ̀lẹ́ ló tó fun fèrè ní iwájú ilé. Nígbà náà, kòtò ti bo Ìdírísù lórí, agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ kò sì ṣeé nà sókè mọ́.

"Okùn dà?" Ìdírísù ń pè láti ìsàlẹ̀.

Sànní lọ sí ìdí ẹrù. Ó tú u fúnra rẹ̀, ó sì so okùn mọ́ agbọ̀n. Fèrè tún dún. Sìkírátù wo ojú ọkọ rẹ̀, ó ń retí.

"Sọ fún un kó máa lọ," ni Sànní wí, ó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó ń fà. "Okùn tí a fẹ́ fi di ẹrù wà nínú kòtò."