Kòtò Òjò Ẹ̀yìn Ilé Mbombo

Òfin àdúgbò yẹn kò pọ̀. Orí òkè iyanrìn ni wọ́n kọ́ ọ sí, ní Mont-Ngafula ní Kinshasa, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, kòtò ni yóò kọ́kọ́ gbẹ́ sínú ọgbà rẹ̀. Kòtò yẹn ló gbọ́dọ̀ gbé gbogbo omi òrùlé rẹ̀ mì. Omi tó bá jáde sí títì, ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń bá ọ̀gbun gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀gbun náà á wá máa jẹ ilẹ̀ bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ìdí ilé ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ilé mọ́kànlá ló ti lọ lójú wọn.

Mbombo ní kòtò tirẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó jìn ju ìdúró ènìyàn méjì lọ, pákó ni wọ́n fi bò ó. Lọ́jọ́ kan nínú òjò, pákó yẹ̀, Kapinga, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rin, já sínú omi. Ẹ gbà mí! Kí wọ́n tó fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Badibanga ọkọ rẹ̀ ra iyanrìn ọkọ̀ kan, ó dí kòtò náà pa, ó lu ihò sí ìdí ògiri ẹ̀yìn ọgbà kí omi lè ríbi gbà, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté Matadi. Láti ọjọ́ náà, Mbombo kò tún fẹsẹ̀ kan ẹ̀yìn ilé mọ́.

Gbogbo àdúgbò rí ihò náà. Ta ló fẹ́ lọ bá ìyá tọ́mọ kú fún pé kó lọ la kòtò tó pa ọmọ rẹ̀? Ṣé ìwọ ni? Kì í ṣe èmi o. Papa Bolamba, olórí òpópónà, dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, ó padà sílé. Ọ̀rọ̀ di isó inú ẹ̀kú.

Bí wọ́n bá sì jáde láàárọ̀ Sátidé fún salongo, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ tó Mbombo. Á ru àpò iyanrìn lọ dí ẹnu ọ̀gbun, á gbin ọparun sí etí rẹ̀. Òjò kan péré, gbogbo rẹ̀ á tún wó lulẹ̀, inú á sì bí i.

"Papa Bolamba, ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Àwọn kan ń da omi sílẹ̀ lókè níbẹ̀ yẹn. Èèyàn burúkú ni wọ́n! Ẹ mú mi lọ sílé wọn, kí n bá wọn wí."

Papa Bolamba wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká parí àpò tó kù, Mama."

"Yaya Mbombo," ni Lusamba wí, "ẹnu yín yìí, ká ní òun la fi ń bu iyanrìn ni, àpò ì bá ti kún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lusamba alára rẹ́rìn-ín, òun tí ilé rẹ̀ gbẹ̀yìn létí ọ̀gbun, tó mú Mbombo bí ẹ̀gbọ́n, tó sì ń pè é ní Yaya.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin, òjò rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta láì sinmi. Bó ṣe dá, igbe ta nísàlẹ̀. Mbombo sáré lọ. Ilé Lusamba ti ku ààbọ̀. Ilé ìdáná àti yàrá ẹ̀yìn ti wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Lusamba, àwọn ọmọ dà!"

"Wọ́n wà, Yaya. Pálọ̀ ni gbogbo wọn wà."

Mbombo wọlé lọ wò wọ́n. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ìkòkò, àpótí aṣọ, gbogbo ẹ̀ ló há sínú pálọ̀. Kì í sì í ṣe ẹrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Eruku ti bò ó.

"Ìgbà wo lẹ kó síwájú?"

"Láti èṣín."

"Ẹ mọ̀ pé ó ń bọ̀, ẹ wá káwọ́ gbera? Ta ló ń da omi lù yín? Mo ní ta ni!"

Lusamba wolẹ̀. Papa Bolamba tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà wolẹ̀. Mbombo bá jáde, ó tọ ipa àgbàrá lọ, láti ìdí ilé tó ya, gba ojú títì gòkè, títí dé ihò kan ní ìdí ògiri. Ògiri tirẹ̀ ni.

"Èmi ni?" Ó yíjú sí Lusamba àti Papa Bolamba tó tẹ̀ lé e. "Èmi ni, ẹ sì ń wò mí? Mò ń bú ara mi lójú yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ò lè la ẹnu yín?"

"Kẹ́ ẹ máa bínú tẹ́ wa lọ́rùn ju kẹ́ ẹ tún máa sunkún lọ," ni Lusamba wí. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ Kapinga fún ìsìnkú, Yaya. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá ní kẹ́ ẹ lọ gbẹ́ ibẹ̀?"

"Tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ bá bá yàrá yẹn lọ ńkọ́? Kí lo máa wá sọ fún mi nígbà yẹn?"

Àánú Mbombo ló ṣe wọ́n, a ò lè purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí àánú náà pa ọmọ mìíràn.

Ní Sátidé, wọn ò rí Mbombo níbi salongo. Ìró ṣọ́bìrì ni wọ́n gbọ́ láti ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi débẹ̀, ó ti gbẹ́ ẹ kan ìbàdí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba ṣọ́bìrì náà títí ilẹ̀ fi kàn án léjìká. Ìgbà náà ni Papa Bolamba di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jáde. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ èyí tó kù, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká, wọ́n dí ihò ìdí ògiri, wọ́n wá fi irin àti sìmẹ́ǹtì ṣe ìdérí tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbé.

Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Mbombo jáde lọ jókòó sórí ìdérí náà. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń dà gììrì lábẹ́ rẹ̀. Lusamba gun òkè wá bá a pẹ̀lú agboòrùn.

"Yaya, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Òtútù á mú yín."

"Ṣé ó ń jáde sí títì?"

"Ẹ̀kán kan ò jáde, Yaya. Mo wò ó bọ̀ láti ìsàlẹ̀."

"Kapinga," ni Mbombo wí, ó sì bú sẹ́kún. Lusamba pa agboòrùn rẹ̀ dé, ó jókòó tì í, òjò ń pa àwọn méjèèjì.