Ìbéèrè Tí Dókítà Ojú Bi Í

Iṣẹ́ igi ni Ìbítóyè fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìgèdè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó padà sílé ní Ìyìn-Èkìtì, ó fi páànù ta àtíbàbà sí ẹ̀yìnkùlé, ó kó ayùn àti òòlù rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì ń kan àga fún ẹni tó bá fẹ́. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, nígbà tí Monínúọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà ní pírámárì. Ìbítóyè kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òun ló ń di irun ọmọ náà ní àárọ̀, òun ló ń se ọbẹ̀, títí ọmọ fi dàgbà, tó di olùkọ́ ní Adó, tó sì wọlé ọkọ.

Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láàárín ìwàásù, á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde, á sì dúró pẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí ìtọ̀ tó jáde ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Kò ní í tíì jókòó dáadáa tí yóò tún fẹ́ dìde. Nígbà tó yá, ó ṣí lọ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún yá, kò lọ sí Adó mọ́, torí mọ́tò kò ní í máa dúró dè é lójú ọ̀nà.

Abdulsalam ló fura. Bíríkìlà ni, ọmọ Ọ̀fà tó ti Ọ̀fà wá ṣiṣẹ́ ní Ìyìn nígbà èwe tí kò sì padà mọ́. Ọ̀rẹ́ àtìgbà-pípẹ́ ni òun àti Tíṣà.

“Tíṣà, ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe ẹ̀gbọ́n mi rí,” ló sọ lọ́jọ́ kan. “Ó fi í pamọ́ títí ìtọ̀ fi há mọ́ ọn nínú. Dìde, ká lọ rí dókítà.”

“Màá lọ,” ni Ìbítóyè dáhùn. “Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Monínú gbọ́. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. N kò fẹ́ kí ọmọ mi máa bi mí bóyá mo tọ̀ tàbí n kò tọ̀.”

Wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà kan ní Adó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Tíṣà, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní ẹran kékeré kan wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní pírósíteètì, ó ti wú, ó sì ń fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́. Ó kọ oògùn oníkóró kan fún un.

“Bàbá, ẹ máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ẹ má tú u, ẹ má rún un lẹ́nu, odindi ni kí ẹ gbé e mì. Bí ẹ bá ti orí bẹ́ẹ̀dì fẹ́ dìde, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná, torí ó lè fa òòyì. Ẹ má ṣe da oògùn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn láìbi wá, ì báà jẹ́ ti ọ̀fìnkìn, ì báà jẹ́ àgbo.” Ó tọ́ka sí ojú ara rẹ̀. “Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, pàápàá lójú, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lo oògùn yìí. Kódà bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, ẹ ṣáà sọ.”

Abdulsalam rẹ́rìn-ín. “Dókítà, kí ló pa ìtọ̀ àti ojú pọ̀?”

“Oògùn náà ń mú kí iṣan tó fún ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ dẹ̀. Irú iṣan bẹ́ẹ̀ wà nínú ojú náà. Bí oníṣẹ́ abẹ bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ní ohun tí yóò ṣe. Bí kò bá mọ̀, wàhálà ni.”

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Láìpẹ́, Ìbítóyè tún ń gbọ́ ìwàásù tán. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọjà Ọba ní Adó, ó ra ẹ̀wà àti epo fún ara rẹ̀, ó sì padà délé láìwá ibi tí yóò sápamọ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe tí kò dára ni pé ó ń tú àwọn kóró náà kúrò nínú páálí wọn, ó ń dà wọ́n sínú ìgò fítámì tó ti tán. Monínúọlá a máa wá tún yàrá rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ Sátidé, kò sì fẹ́ kó rí orúkọ oògùn.

Lẹ́yìn èyí ni ojú rẹ̀ ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ohun funfun kan bo ẹyinjú òsì, ó sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ní ti ọ̀tún. Kò rí ojú ìlà tó fà sórí igi mọ́. Ó gé ẹsẹ̀ àga kan kúrú ju ìyókù lọ, ẹni tó ni àga sì gbà á bẹ́ẹ̀ láìwí nǹkan kan, èyí tó dùn ún ju èébú lọ. Monínúọlá kò jẹ́ kó pẹ́. Ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Adó.

Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ yẹ ojú rẹ̀ wò dáadáa. Ó ní kátárátì ni, ìwòsàn sì wà fún un. Ó wá béèrè pé, “Bàbá, oògùn wo ni ẹ ń lò nílé?”

“Fítámì nìkan ni, Dókítà,” ni Monínúọlá dáhùn. “Èmi ni mo ń tún yàrá wọn ṣe.”

“Ẹ jẹ́ kí Bàbá fẹnu ara wọn sọ ọ́. Bàbá, kò sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru? Kò sí ti ìtọ̀?”

Ọwọ́ Monínúọlá wà ní èjìká bàbá rẹ̀. Ìbítóyè rántí ọ̀rọ̀ dókítà ti àkọ́kọ́, ó rántí i kedere. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà gbóná ní èjìká rẹ̀.

“Kò sí,” ló wí.

Nígbà tó délé, ó tu ara rẹ̀ nínú. Ó ní òun yóò dá oògùn náà dúró kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, yóò ti jáde lára òun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há padà, ó sì fara dà á. Abdulsalam bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn dókítà ojú, ó ní òun ti sọ. Irọ́ tó kọ́kọ́ pa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi mú kí ojú òsì náà má mọ ìrora, kò sùn lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Dókítà ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Lójijì, orin dúró.

“Kí ló dé tí ọmọlójú yìí ń pa dé?” ni dókítà wí fún nọ́ọ̀sì. Ohùn rẹ̀ wá yí padà, ó rọlẹ̀, ó súnmọ́ etí Ìbítóyè. “Bàbá, ẹ má mira o. Ṣé ẹ lo oògùn ìtọ̀ rí?”

Kò sí ọwọ́ ọmọ ní èjìká rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa tijú fún.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà,” ló dáhùn lábẹ́ aṣọ. “Mo ti dá a dúró.”

Dókítà kò bá a wí. Ó kàn ní kí wọ́n tètè gbé àwọn nǹkan kan wá, ọwọ́ sì ń lọ ọwọ́ sì ń bọ̀ lórí ojú ọkùnrin náà fún ìgbà pípẹ́. Omi ń ṣàn láti ojú ọ̀tún rẹ̀ wọ inú etí. Bóyá ẹkún ni, bóyá omi lásán ni, òun gan-an kò mọ̀.

Ojú òsì náà kò ríran mọ́. Awọ inú rẹ̀ ti ya, omi kíki tó yẹ kó wà lẹ́yìn ẹyinjú ti wá síwájú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní Ìbàdàn, wọ́n tún un ṣe níbẹ̀, kò bọ́ sí i. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń rí, bí ẹni tó wo àtùpà láti inú omi ẹrọ̀fọ̀.

Dókítà ojú tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló ṣàlàyé fún Monínúọlá. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó kàn sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Monínúọlá gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó mú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wọ inú mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde ní Adó tí wọ́n kọjú sí ọ̀nà Ìyìn, ó gé mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa á.

“Ìwọ ọmọ yìí, mú mi re ulé,” ni Ìbítóyè wí. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, èdè Ìyìn níí bọ́ sí i lẹ́nu.

“Bàámi, ṣé èmi ni ẹ tijú fún?”

Ìbítóyè yí ojú sí fèrèsé mọ́tò.

“Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù mi, ta ni mo sáré wá bá? Ẹ̀rù ń bà mí, mo rò pé mo máa kú. Ẹ kò sá fún mi. Ẹ lọ pe ìyá Olúwabùsáyọ̀ ládùúgbò kó wá ṣàlàyé fún mi, ẹ sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. Èmi kò tijú yín. Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fi tijú mi?”

“N kò mọ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Mo rò pé bí o bá gbọ́, n kò ní í jẹ́ bàbá lójú rẹ mọ́.”

Monínúọlá gbé orí lé ìdarí mọ́tò, ó sunkún. Àwọn ọkọ̀ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ sí Ìgèdè. Ìbítóyè na ọwọ́ láti fi kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣìnà, ọwọ́ náà ba ìjókòó, torí ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó tún na ọwọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bà á.

Ó kó ayùn àti òòlù rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ igi ní Ìgèdè. Nígbà tí Abdulsalam gbọ́ òtítọ́, ó bínú, kò wá sílé Tíṣà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó padà wá, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ páànù tó ti ṣófo.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún parí nígbà tí àkókò iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún tó. Ẹ̀rù ba Ìbítóyè débi pé oúnjẹ kò lọ. Ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan náà ni wọ́n padà sí. Kó tó béèrè ohunkóhun, Ìbítóyè ti gbé páálí oògùn náà lélẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Ó ti padà sídìí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ dókítà ìtọ̀.

“Oògùn ìtọ̀ ni mò ń lò,” ló wí, ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. “Bí n kò bá lò ó, ìtọ̀ kì í jáde. Ọmọ mi rèé, ó mọ̀.”

Monínúọlá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ka orúkọ oògùn náà, ó ní òun yóò palẹ̀ mọ́ dè é. Iṣẹ́ náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọrí.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ara ògiri ni Ìbítóyè kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló wo ọmọ rẹ̀ tó dúró níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí ojú rẹ̀ kedere kẹ́yìn. Ó rí i pé ó ti rù. Ewú ti gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ìlà sì ti wà lábẹ́ ojú rẹ̀, bí ti obìnrin tó ti gbé ohun tó wúwo rìn jìnnà.

“Bàámi, ṣé ẹ ń rí mi?” ni Monínúọlá béèrè.

“Mò ń rí ọ,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn.