Mopélọlá Lọ Gba Àbàjà Ìyá Àṣàbí Padà

Ẹ jókòó, àlá kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rọ́ fún yín. Èmi kọ́ ni mo lá a. Mopélọlá ayàwòrán, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Ṣakí níbí, ló lá a lọ́sàn-án àná. Tìbínú-tìbínú ló fi rọ́ ọ fún mi, èmi náà ò sì ní fi ẹ̀rín rọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú.

Ìyá Àṣàbí, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ló kú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Nínú gbogbo fọ́tò tí màmá yà láyé, ọ̀kan ṣoṣo ló dáa, Mopé ló sì yà á, nídìí fèrèsé, lọ́dún tó kọjá. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì gbayawu kí ohun tó wà lẹ́yìn màmá lè ṣe bàìbàì, ó wá mú ẹyinjú màmá gan-an, tó fi jẹ́ pé èèyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù. Dúdú màmá dúró ní dúdú, ó ń dán, àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì hàn ketekete.

Fọ́tò yìí ni wọ́n fẹ́ fi tẹ̀wé ìsìnkú. Ni Bọ̀ọ̀dá Ọlágúnjú, àbúrò ìyá Mopé, tó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba, bá pè é lórí fóònù.

"Mopé, nu ilà yẹn kúrò lójú màmá. Kí o sì jẹ́ kí wọ́n pupa díẹ̀. Àwọn ọ̀gá mi ń bọ̀ láti Àbújá, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú ará oko wò wá."

Ẹ gbọ́ o. Ọdún mẹ́fà ni òjò fi ń wọlé bá màmá yìí, ọ̀gá ò rí páànù kan rà. Ọjọ́ tó kú tán ló wá rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Mopé ò lè bá àgbà jiyàn. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó dán bíi ti ọmọ tuntun. Ó ku tọ̀tún. Bó bá nu ìyẹn náà, tó sì tọ́jú rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí, ó parí nìyẹn, torí kò sí òmíràn níbì kankan. Aago mẹ́ta ni atẹ̀wé ń retí ẹ̀. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní kí òun rọra na ẹ̀yìn lórí ẹní lábẹ́ tábìlì, oorun bá gbé e lọ.

Kámẹ́rà rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí lójú oorun. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ká ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra.

"Mopé, mo ní ìbéèrè kan," ni kámẹ́rà wí. "O ní kí n má gbọ̀n, mi ò gbọ̀n. O ní ẹyinjú ni kí n mú, mo mú un. Ohun tí mo fi gbogbo ara wò fún ọ, òun lo wá ń nù. Kí lo ń rán mi níṣẹ́ fún?"

Mopé ní kó máà bínú. Kámẹ́rà ní òun ti bínú tán. Ó ní àbàjà tó nù yẹn ò sọnù, Ọ́fíìsì Ojú ni wọ́n kó o lọ, kó tètè lọ gbà á.

Mopé ò tiẹ̀ béèrè ọ̀nà. Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè ọjà, wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná. Ó fa okùn, ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ bàtà kó tó wọlé, ó bọ́ ọ. Gbogbo àwọn tó ti tún fọ́tò wọn ṣe rí ló tò sínú ibẹ̀, ojú wọn ń dán bí ẹyin. Ìyàwó ilé kan ń béèrè ìrorẹ́ rẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tó ti lọ, ọkọ òun ń kí òun ní "ẹ káàbọ̀, àlejò" nínú ilé. Bàbá kan ń wá àpá tó gbà nígbà tó já lórí ọ̀pẹ.

"Kò sẹ́ni tó gbà pé mo gun ọ̀pẹ rí mọ́," ló wí. Mopé bẹ̀ ẹ́, ó tò sẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó kàn án, ta ló jókòó síbẹ̀? Bọ̀ọ̀dá Ọlágúnjú, tòun ti táì. Àbàjà mẹ́ta náà wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀.

Mopé kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ti màmá ni mo wá gbà."

"Kọ lẹ́tà," ni Bọ̀ọ̀dá wí, ó lu òǹtẹ̀, irùngbọ̀n hù sí i lágbọ̀n. "Mú ẹlẹ́rìí méjì wá." Ó tún lu òǹtẹ̀, ìwo yọ. Nígbà tó lu ẹ̀kẹta, ó ti di òbúkọ, àfi táì nìkan. Mopé ṣì ń pè é ní sà. Òbúkọ tẹ orí ba abọ́, ó jẹ ilà kan, ó ń rún un lẹ́nu, ó nasẹ̀ sí èkejì.

Ìbínú tó ti gbé mì láti àárọ̀ wá ru sókè. Ó dìde lórí eékún, ó gbá òbúkọ nírùngbọ̀n mú. "Ẹ pọ̀ ọ́! Ẹ ò fún wọn ní oúnjẹ, ẹ tún ń jẹ ojú wọn!"

Irùngbọ̀n bọ́ sí i lọ́wọ́, ọ́fíìsì di ẹnu ọ̀nà agboolé kan. Ìyá Àṣàbí ló ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó ti kú ṣáájú rẹ̀ yọjú. Màmá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sí wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó yí tọ̀tún, wọ́n ní, "Àṣàbí, káàbọ̀." Ṣùgbọ́n ohun tí Mopé fi ń nu ilà nínú kọ̀ǹpútà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ fúnra rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún náà.

"Mopé," ni màmá wí, kò pariwo, "ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí tí wọ́n gbé mi síwájú olóòlà. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ìyá mi ń fi omi ìgbín rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìwọ wá fẹ́ kí n jẹ irora yẹn lásán?"

Mopé ta jí. Aago méjì ti kọjá dáadáa. Ó wo dígí tí àwọn oníbàárà fi ń tún ara ṣe. Ẹní tó sùn lé lábẹ́ tábìlì ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, àpá mẹ́ta gbọọrọ. Ó fọwọ́ nù ún, kò lọ.

Ó ti padà sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí fóònù dún. "Ṣé o ti nù ún tán?" ni Bọ̀ọ̀dá béèrè.

"Mo ti dá èyí tí mo nù padà, sà. Bí wọ́n ṣe rí ni mo ń gbé lọ fún atẹ̀wé."

"Mopé, ṣé èmi lò ń dá lóhùn báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Tí àwọn ará Àbújá bá béèrè ẹni tó wà nínú fọ́tò, ẹ sọ fún wọn pé ìyá yín ni."