Ẹyẹlé Tí Kò Tíì Rí Ọyẹ́ Méjì

Ẹni tó bá ní Ìsíátù kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú mi ní àdúgbò Kpata níbí, ká jọ wò ó. Ìfẹ́ gan-an ló jẹ́ kó ṣe ohun tó ṣe. Àmọ́ ìfẹ́ tí kò ní sùúrù, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Télọ̀ ni Sùrájù ọkọ rẹ̀. Ará Ìlọrin ni bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Lokoja ni wọ́n bí òun sí, ohun méjì péré ló sì mọ̀ láyé: aṣọ rírán àti ẹyẹlé. Kì í ṣe ẹyẹlé tí wọ́n ń pa jẹ o. Alákìtì ni tirẹ̀, irú èyí tó máa ń fò lọ sókè, táá ṣàdédé máa tàkìtì bọ̀ nísàlẹ̀ léraléra, kó tó tún na ìyẹ́. Ogún ọdún ló fi ń sìn wọ́n lórí òrùlé ilé ìdáná. Òfin kan ló sì ní: "Ẹyẹlé tí kò bá tíì rí ọyẹ́ méjì, ọmọdé ni. Ta ní í gbéyàwó fọ́mọdé?" Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin ẹyẹ kan pé ó tàkìtì lẹ́ẹ̀mẹwàá, á ní, "Èmi ò wo àkìtì, ìdúró ni mò ń wò. Ẹyẹ tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró, ọmọ rẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n." Ọyẹ́ méjì ló fi ń dán wọn wò.

Nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta ni àìsàn rọpárọsẹ̀ gbé e ṣánlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Dókítà pe Ìsíátù sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣe é, àfi kí wọ́n máa gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń ka ọjọ́. Òun tí kò fọwọ́ kan àkàbà rí, òun ló wá ń gùn ún ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ láti tú ẹyẹ sílẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ lè jókòó sábẹ́ igi gúáfà kó máa wò wọ́n.

Nínú ìran àwọn ẹyẹ àkọ́kọ́ tí Sùrájù rà, abo kan ṣoṣo ló kù. Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Akọ méjì ló tó o fẹ́, kò sì sí èyí tó tíì rí ju ọyẹ́ kan lọ nínú wọn. Ọ̀kan ni Jẹ́jẹ́, aláwọ̀ eérú kan báyìí tí Àlí oníkẹ̀kẹ́, aládùúgbò wọn, fi ta wọ́n lọ́rẹ; àkìtì mẹ́ta péré lèyí máa ń ta, á sì dúró. Èkejì ni Mọ́gàjí. Ìyẹn! Á yí bí òwú tó já lọ́wọ́ télọ̀, gbogbo àdúgbò á máa pàtẹ́wọ́.

"Haba, Ìyá Màrdíyà," Àlí sọ fún Ìsíátù lọ́jọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, "kí lẹ tún ń dúró dè? Àbẹ̀kẹ́ ti ń darúgbó. Ẹ fún un ní Mọ́gàjí." Ó wá tún fi kún un pé, "Ẹ kú ìtọ́jú o. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí."

Ẹ wo ẹnu! Ó rò pé òun ń yìn ín ni. Ọjọ́ ikú nìkan ni Ìsíátù gbọ́ níbẹ̀. Ó jókòó, ó ṣírò: oṣù márùn-ún ló kù kí ọyẹ́ dé. Bí Àbẹ̀kẹ́ bá yé nísinsìnyí, ọmọ rẹ̀ á ti máa tàkìtì kí ọyẹ́ tó dé, Sùrájù á sì fojú ara rẹ̀ rí i. Bí wọ́n bá dúró ńkọ́? Ó gun àkàbà lọ, ó ti Àbẹ̀kẹ́ àti Mọ́gàjí mọ́ inú àgò kan náà.

Ẹyin méjì ló jáde. Inú Ìsíátù dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n kí ọkọ má baà fura, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń lé Mọ́gàjí kúrò lórí ẹyin kó lè bá àwọn yòókù fò.

Ní ọjọ́ kọkànlá, Mọ́gàjí gòkè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó yí, ó yí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lójúde. Ó kọjá orí igi gúáfà, kò dúró. Páànù ilé ìdáná ló gbà á, gbàà! Ó yí gbirigbiri bọ́ sí iwájú àga Sùrájù.

"Ọlọ́hun mi o!" Ìsíátù sáré gbé e. Ọrùn ti kán.

Sùrájù wò ó títí. "Àbẹ̀kẹ́ dà?"

"Ó wà lókè."

"Ọjọ́ mélòó... ni kò fò?" Ó mí. "Ẹyin mélòó?"

Irọ́ tí Ìsíátù ti tọ́jú sẹ́nu bọ́ dànù. "Méjì ni."

Ọkùnrin náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó kàn bi í pé, "Nígbà wo... ni dókítà ní n ó kú?"

Ìsíátù bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i ni! Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ọmọ Àbẹ̀kẹ́!"

"O ti bá mi... ka ọjọ́ mi tán." Omi bọ́ lójú tirẹ̀ náà. "Gbé ẹyin wá."

Ó fi ọwọ́ òsì gbà wọ́n. Wọ́n ṣì gbóná. "Bàbá wọn ò mọ ìdúró," ó ní. "Sin wọ́n tì í."

"Bàbá Màrdíyà, Àbẹ̀kẹ́ lè má yé mọ́ o."

"Mo mọ̀." Ó nàka sí Jẹ́jẹ́ tó ti tàkìtì mẹ́ta tirẹ̀, tó sì bà sórí òrùlé. "Ìyẹn. Tó bá rí ọyẹ́ kejì. Èmi náà... á dúró."

Òjò rọ̀ títí, odò kún, odò fà. Ìsíátù ò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹyẹlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ó jí, ètè rẹ̀ gbẹ, ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, òfìfo ni. Ó sáré jáde tòun ti ìró nìkan. Ìdí àkàbà ló ti bá Sùrájù, tó fi ọwọ́ òsì dì í mú, tó wọ súwẹ́tà sódì, tí eruku ọyẹ́ ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un dé ibẹ̀.

"Ó ti dé," ó ní. "Lọ mú ọkọ... wọlé tọ ìyàwó."

Ìsíátù gun àkàbà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé Jẹ́jẹ́ sínú àgò Àbẹ̀kẹ́, ó ti ilẹ̀kùn. Nísàlẹ̀, ọkọ rẹ̀ tún ń pè é.

"Ìsíátù! Súwẹ́tà yìí ti gbó. Ra òmíràn. Ọmọ wọn náà... á rí ọyẹ́ méjì."