Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Pa Oníṣẹ́ Lẹ́nu Mọ́

Ọjọ́ tí Mètírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kan ní Sùúrùlérè kọ́kọ́ fojú kan Làbákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ ọmọ náà ló gbà síṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Irú èyí ni mo ń wá! Aláìsàn tó bá rí ọ, ara ẹ̀ á yá."

Ó ku ẹyọ nǹkan kan: kí àyẹ̀wò fi hàn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn mẹ́dọ̀wú tó gbà ti jẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ò bá a wáyé o. Àǹtí Sìmíátù, àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, ló ń fún un ní oògùn asanra láàárọ̀, lálẹ́. "Gbé e mì jàre. Ta ló fẹ́ kí egungun wá tọ́jú òun?"

Èsì àyẹ̀wò dé. Òfo! Ọmọ tó ń dán bí bọ́ọ̀lù tuntun, kò sí áńtíbọ́dì kankan tí yóò bá àrùn náà jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mètírọ́ọ̀nù ní láìsí i, kò síṣẹ́.

Àǹtí fa Làbákẹ́ tìjà-tìjà lọ bá Dókítà Abdulmuiz tó fún un lábẹ́rẹ́ ní Yábà. "Dókítà, omi lásán lẹ gún fọ́mọ mi!"

"Ẹ fara balẹ̀, Mà. Alágbẹ̀dẹ kan ń bẹ nínú ara, sẹ́ẹ̀lì B lorúkọ ẹ̀. Áńtíbọ́dì ni idà tó ń rọ. Àmọ́ kì í dáná dáadáa, àfi tí oníṣẹ́ bá wá sọ fún un pé ogun dé, irú idà báyìí ni kó rọ. Oníṣẹ́ ọ̀hún là ń pè ní sáítókáìnì. Kí ni Làbákẹ́ ń lò?"

Àǹtí yọ oògùn náà nínú báàgì, ó ń yangàn. "Ohun tó ń jẹ́ kó dán rèé!"

Dókítà gbá orí mú. "Sìtẹ́rọ́ọ̀dù rèé! Òun ló pa àwọn oníṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Alágbẹ̀dẹ jókòó kalẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Oògùn yìí náà ló ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú síta."

"Yéè! Àṣé èmi gan-an ni mo yẹ kí n bá jà?"

"Ẹ̀yin náà ni, Mà."

Dókítà rọra dín oògùn náà kù títí tó fi tán, torí ewu ni kéèyàn ṣàdédé pa á tì. Làbákẹ́ wá gba abẹ́rẹ́ tuntun. Oníṣẹ́ lanu, alágbẹ̀dẹ dáná, áńtíbọ́dì kún ẹ̀jẹ̀. Ó gbé èsì, ó di Sùúrùlérè.

Mètírọ́ọ̀nù wo èsì, ó wojú, ó tún wo èsì. "Ẹ̀jẹ̀ yìí dáa. Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Èyí tí mo gbà síṣẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ o!"

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló lọ, Mà, èmi ṣì wà. Òun ò kúkú mọ abẹ́rẹ́ gún."

Mètírọ́ọ̀nù fẹ́ bínú, ẹ̀rín já lẹ́nu ẹ̀. Ó ju yunifọ́ọ̀mù sí i, èyí tí wọ́n ti rán sí ìwọ̀n ara àná. Làbákẹ́ wọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú ẹ̀. Ó fọwọ́ kan di ìbàdí aṣọ mú, ó wọ wọ́ọ̀dù lọ.